Ọdún Méjì Péré

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláṣọ, ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Kò sí iye owó tí wọn kò lè ṣírò lórí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bá dé, bàbá mi ni wọ́n máa ń gbé e fún. Ó pẹ́ kí n tó béèrè ìdí rẹ̀.

Ní 1977 ni Ìyá Aláṣọ jáde ìwé mẹ́fà. Wọ́n yege, ṣùgbọ́n kò sí owó ilé ẹ̀kọ́ girama, ni wọ́n bá tẹ̀lé ìyá wọn lọ sí ọjà. Bàbá mi jáde ìwé mẹ́fà ní 1980. Wọ́n wọ girama láìsan kọ́bọ̀.

Ìbò ló fa ìyàtọ̀ náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979, ìjọba ológun kógbá wọlé, Olóyè Bọ́lá Ìgè, agbẹjọ́rò ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, sì di gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà náà, Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ọ̀yọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣèlérí, Ìgè sì mú un ṣẹ.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dán mọ́rán. Bàbá mi ní èrò pọ̀ ní kíláàsì àwọn débi pé àwọn kan ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ní 1983, Ìgè fìdí rẹmi, ẹgbẹ́ NPN gbapò. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ológun padà dé, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nígbà tó yá, ó di mínísítà lábẹ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá 2001, àwọn apànìyàn yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Mo bi Ìyá Aláṣọ bóyá ó dùn wọ́n pé ọdún méjì péré ló dí wọn lọ́nà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Àmọ́ owó aṣọ tí mo tà ni mo fi ra yunifọ́ọ̀mù fún bàbá rẹ."

Ọdún mẹ́rin péré ni Ìgè fi ṣe gómìnà. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin yẹn ló yí ìgbésí ayé bàbá mi padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ó ku ọdún méjì kí n tó lè dìbò. Bí olóṣèlú bá gbé ìrẹsì dé ojúlé wa lọ́jọ́ náà, n ó bi í pé: bí ẹ bá wọlé, ọmọ ta ni yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ta ni yóò jókòó sílé?