Ọmọ Leipzig, Ọmọ Munich

Kí Jámánì méjèèjì tó papọ̀ lọ́dún 1990, èéfín ni ọmọ Leipzig àti ọmọ Halle, ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, ń fà símú. Èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń dá nílé, òun náà ni wọ́n ń dá níléeṣẹ́. Nígbà tí odi Berlin wó, Dókítà Erika von Mutius àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich yẹ àwọn ọmọ náà wò. Ta ni kò ní rò pé ásímà á pọ̀ ní Leipzig àti Halle ju Munich, ní Ìwọ̀-Oòrùn, lọ? Ikọ́ àti àìsàn àyà pọ̀ lóòótọ́. Ásímà ńkọ́? Bíi 7 nínú 100 ọmọ. Ti Munich lé ní 9.

Wọ́n dán awọ wọn wò pẹ̀lú. Wọ́n á kán omi tí wọ́n yọ lára koríko, eruku tàbí irun ológbò sí apá ọmọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ féẹ́. Bó bá wú, ara ọmọ kọ nǹkan náà nìyẹn. Ní Munich, ó wú fún bíi 37 nínú 100; lọ́hùn-ún, 18 péré. (Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wú fún ló ní ásímà o.)

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní Leipzig nìkan, iye ọmọ tó wú fún ti kúrò ní 19 nínú 100, ó ti di 27. Ohun tí ọmọ jogún nínú ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ìgbé ayé ló yí. Ásímà ò tíì gbéra ní tiẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ti lé lọ́mọ ọdún méjì kí odi tó wó, mo sì fura pé ọdún àkọ́kọ́ ayé ọmọ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ tún wo ìgbé ayé ìjọ Kristẹni méjì ní Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni Amish ti Indiana, àgbẹ̀ ni Hutterite ti South Dakota; Yúróòpù ni baba ńlá àwọn méjèèjì ti wá. Ẹṣin ni Amish fi ń ro oko, ilé màlúù wọn ò jìnnà sílé, ọmọdé ń wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ lóko àjọní Hutterite. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016 ní ásímà mú bíi 5 nínú 100 ọmọ Amish, àti 21 nínú 100 ọmọ Hutterite. Wọ́n tiẹ̀ fi eruku ilé Amish sí eku nímú, ó sì dáàbò bo àwọn eku náà lọ́wọ́ irú ásímà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Ó jọ pé aràn inú náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Lambaréné, Gabon, wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé kan lóògùn aràn léraléra. Awọ wọn wá ń kọ kòkòrò inú eruku ilé ju ti àwọn tí wọn ò fún lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí èyí da oògùn aràn nù, ẹ má sì gbé ọmọ tó ní ásímà lọ sùn ti màlúù. Èéfín ṣì ń há irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèémí. Ẹ gbé ààrò jìnnà sí i, kí ínhélà rẹ̀, oògùn tó ń fà símú, wà nítòsí.