Orúkọ Iṣẹ́ àti Iṣẹ́ Gan-an

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dé láti Èkó, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọkùnrin náà kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé-ìwé aládàáni kan nílùú Adó-Èkìtì níhìn-ín gbà á síṣẹ́, "Systems Analyst" ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà rẹ̀. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, ó sì fẹ́ kọ̀ ọ́. Èmi ni mo ní kí ó gbà á, pé orúkọ iṣẹ́ náà yóò wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú. Ìyá rẹ̀ bi mí pé uṣẹ́ wo gan-an ni (uṣẹ́ ni àwa ará Èkìtì ń pe iṣẹ́), n kò sì rí èsì tí ó já gaara fún un.

Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, ó ń pààrọ̀ íǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí iná bá sì lọ, òun ni ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n bi í pé kí ni systems analyst ń ṣe. Kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọn kò ní kò mọ nǹkan. Wọ́n ní ó purọ́ sínú ìwé rẹ̀ ni. "Bọ̀ọ̀dá," ó wí fún mi, "wọ́n pè mí ní òpùrọ́ nítorí orúkọ tí n kò fún ara mi."

Ibi tí ọkàn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè máa ń lọ ni ọkàn mi lọ. Ẹ fi a- ṣáájú rán àti aṣọ, ẹ ti ní aránṣọ. Ẹni tí ó mọ òfin ni amòfin. Ẹni tí ó ni àgbẹ̀dẹ ni alágbẹ̀dẹ. Ìṣe wà nínú orúkọ, bí aránṣọ kò bá sì lè ránṣọ, orúkọ rẹ̀ ni yóò tú u fó. N kò sọ pé èdè tiwa kì í tanni o. Ẹni tí ń kọ ìwé ni akọ̀wé, ṣùgbọ́n a ti rí akọ̀wé tí kò ṣe ju kí ó gbé fáìlì láti yàrá kan dé èkejì. Èmi náà ńkọ́? Ní Ìyìn-Èkìtì nígbà kan, ìyá àgbà kan gbọ́ tí wọ́n pè mí ní dókítà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún tí ó wú hàn mí. Mo ṣàlàyé pé èdè ni mo fi gboyè. Ó wò mí títí, ó ní, "Dókítà kí wá nìyẹn?"

Ẹni tí ó máa ń bá mi tún fóònù ṣe nítòsí Ọjà Ọba, Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òfin 55 ọdún 1970, èyí tí ó gbé ìgbìmọ̀ COREN kalẹ̀, sọ pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1993, Òfin 49 dá ìgbìmọ̀ mìíràn, CPN, sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Awuyewuye yìí kì í ṣe tiwa nìkan: ní ọdún 2023, ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà yí òfin rẹ̀ padà kí àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà lè máa jẹ́ ẹnjiníà láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà tèmi ń tún fóònù ṣe. Kò sí oníbàárà tí orúkọ náà ṣì lọ́nà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ náà jókòó. Mo ní kí ó gbàgbé oyè, kí ó sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ka ti íǹkì, ó ka ti epo. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Àti Excel kékeré kan tí mo ṣe." Kí ni Excel náà wà fún? Ó ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣírò máàkì lópin táàmù, ni òun bá lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè bí olúkúlùkù ṣe ń ṣe é, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣe ìwé ìṣírò kan tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo pariwo. Ohun tí systems analyst ń ṣe gan-an nìyẹn: kí a wádìí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é, kí a tó la ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe sílẹ̀. Ó ṣe é tán, kò mọ̀. Nítorí orúkọ ńlá yẹn, ó rò pé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kan ni, níbi kan tí kò dé rí.

Lẹ́tà ẹ̀rí tí mo ti kọ fún un tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi: "Systems Analyst fún ọdún mẹ́ta." Mo pa á rẹ́. Mo kọ ti máàkì àti ti àwọn olùkọ́. Ó ní kí n fi ti jẹnẹrétọ̀ náà kún un, mo sì fi kún un. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni a fi ránṣẹ́. Wọn kò tíì dá wa lóhùn.