Ọwọ́ Tí Ń Sọ̀rọ̀ ní Hilo

Òjò ni ó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Hilo. Ìlú etíkun ni, ní erékùṣù tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn erékùṣù Hawaii. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, ibẹ̀ ni àwọn oníjó hula máa ń péjọ sí fún àjọ̀dún Merrie Monarch. Ọdún 1963 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ìlú náà ṣì ń wá bí ọrọ̀-ajé rẹ̀ yóò ṣe gbérí lẹ́yìn ìgbì òkun ńlá tí ó ya wọ̀ ọ́ ní 1960.

Aṣọ koríko àti ìbàdí tí ń mì nínú sinimá ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ hula. Alẹ́ Ọjọ́rùú ni mo wọ pápá ìṣeré Edith Kanakaʻole, mo sì rí kahiko, èyí tí í ṣe ijó àtijọ́. Olùkọ́ ijó, tí wọ́n ń pè ní kumu, jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè méjì tí a so pọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ó ń gbá a mọ́lẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, ó sì ń sun orin. Etí mi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti bà jẹ́ ń retí ìró ìlẹ̀kẹ̀. Ìró rẹ̀ wúwo, ó ń wá láti inú ikùn. Ìlù pahu wà níbẹ̀ pẹ̀lú: igi àgbọn tí a gbẹ́, tí a fi awọ ẹja shark bò.

Ọ̀rọ̀ orin ni ọba ijó náà. Bí orin bá dárúkọ òjò, ọwọ́ yóò rọ̀ bí òjò; bí ó bá dárúkọ òkè, ọwọ́ yóò gbé òkè dìde. Ìdí nìyí tí ìtàn wọn fi dùn mí. Ní 1830, Ayaba Kaʻahumanu, ẹni tí ó ti gba ẹ̀sìn Krístì, ka hula léèwọ̀ ní gbangba. Ọba Kalākaua ni ó tún gbé e wọ ààfin, tí wọ́n sì jó o ní ìgbà ìwúyè rẹ̀ ní 1883. Ìnagijẹ rẹ̀, ọba aláríyá, ni àjọ̀dún náà ń jẹ́. Ó wàjà ní 1891. Ní 1893 wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀, Liliʻuokalani, nígbà tí ó sì di 1896, òfin sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé. Lójú tèmi, òfin kejì yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ènìyàn lè kọ́ ijó ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń wí?

Ní 1984 ni ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi Pūnana Leo àkọ́kọ́ ṣí, níbi tí a ti ń fi èdè Hawaii nìkan bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 10. Bí orin bá ta kókó, ọmọ náà ni ó ń tú u sí ìyá àgbà létí. Ìyá àgbà a mi orí, a sì yíjú sọ ọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ìwé ìwọlé fún alẹ́ mẹ́ta ìdíje ṣòro í rí, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ti Ọjọ́rùú. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì mú agbòjò dání.