Ẹ̀dà Kan Kò Tó

Ìlú Ọ̀yọ́ ni Àlùfáà Samuel Johnson ti parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Ọba; ó sọnù. Johnson kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù; ó jáde ní 1921.

Mo mọ ìtàn yìí, síbẹ̀ n kò kọ́gbọ́n. Mo gba ìjálá lẹ́nu bàbá ọdẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi kálàmù fi àmì ohùn sí i, mo sì fi ẹ̀dà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí jọ́nà kan. Wọn kò rí i mọ́. Mo ti gba ohùn mìíràn lé téèpù náà. Bàbá sì ti papòdà kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Obadiah rí ohun tún kọ. Èmi ńkọ́?