Omi Tó Ṣì Ń Ṣiṣẹ́

Òkìtìpupa

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ láti Houston ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìyá rẹ ti fi wọ́n han gbogbo àdúgbò, títí kan ìyá tó ń ta púpurú létí títì. Èyí tí o ti dúró lórí afárá, tí omi pupa rúsúrúsú ń ṣàn nísàlẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. O wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá mi, a ò ní irú èyí nílé." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí.

Mo wádìí odò inú fọ́tò yẹn, Buffalo Bayou. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan, àwọn Allen, ló tẹ Houston dó sí etí rẹ̀ ní 1836, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn ún wò. Ọ̀nà ọkọ̀ ni wọ́n ń wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó òwú gbà lọ sí òkun. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi ńlá fáwọn ọkọ̀ òkun, tí wọ́n ṣí i ní 1914, ẹrù bá tiwọn lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tó yá, èbúté àtijọ́ yẹn di ibi ìgbafẹ́. Ọgbà tí ìwọ ń rìn kiri nínú rẹ̀, ọdún 2015 ni wọ́n tún un ṣe tán. Omi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ ń jókòó tì.

Omi tiwa ní èbúté Igbókọ̀dá kò tíì fẹ̀yìn tì o. Lọ́jọ́ ọjà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn obìnrin Ìkálẹ̀ ti ń sọ àpò gàrí àti púpurú kalẹ̀, àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń gbé ẹja gbígbẹ àti edé gòkè látinú ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan á gé ìdí ike omi, á dojú ẹnu rẹ̀ kọ táǹkì ẹ́ńjìnnì, á máa da epo gbà á. Èkejì rẹ̀ á fi ike mìíràn gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, orin ò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá dúró síbẹ̀ lásán, wọn ò ní fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ayétòrò ni àbí Ugbónlá?" Mo ní mi ò lọ síbì kankan, omi ni mo ń wò. Ọmọ náà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, omi kọ́ la ò ní. Ibi ìjókòó la ò ní. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ọlọ́kọ̀ kúrò létí omi kó wá gbin òdòdó sí i. Ṣùgbọ́n àga bíi mélòó kan lábẹ́ ibòòji, kí àgbàlagbà tí kò ní ẹrù lè jókòó síbẹ̀ láìsí pé wọ́n fura sí i, èló ni yóò ná wa?

Mo tún rí fídíò àwọn àdán tó ń tú jáde lábẹ́ afárá Waugh nírọ̀lẹ́, tí ẹ ní wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Àbẹ̀kẹ́, òòbẹ̀ nìyẹn! Àwọn tó ń jẹ èso, tó ń so rọ̀ sórí igi ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ariwo wọn kì í jẹ́ ká sùn, àwọn yẹn làdán. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi wọ́n se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ ìyẹn fáwọn òyìnbó tó tẹ́ aṣọ sórí koríko tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí a ò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bóyá bí ọ̀rọ̀ ìwọ àti omi Houston ṣe rí nìyẹn.

Ohun kan wà tí mi ò fi ṣàwàdà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà ìjì Harvey, omi tó tutù pẹ̀sẹ̀ nínú fọ́tò rẹ yẹn bo ọgbà náà mọ́lẹ̀, ó sì kó ẹrẹ̀ jọ síbẹ̀ bí òkìtì. Bí òjò bá ti ń rọ̀ gidi, jọ̀ọ́ ọmọ mi, má sún mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ ló ń lọ ya fọ́tò. Àwa náà mọ ohun tí omi lè ṣe. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan ṣoṣo nígbà kan, òkun ti gbé òpópónà lẹ́yìn òpópónà lọ níbẹ̀. Ó wù mí kí o fojú rí èyí tó kù.

Bí o bá dé ní Disẹ́ńbà, a ó kọ́kọ́ lọ sí Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, orúnkún mi ò gbà á mọ́, torí náà ìwọ ni yóò gòkè, kí o ya gbogbo ohun tí o bá rí lókè wá fún mi. Ti Igbókọ̀dá ni àwa méjèèjì jọ ń lọ, a ó sì wọ ọkọ̀ dé Ayétòrò. Ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì bọ̀ láti ọ̀hún, okùn àwọn tó wà nínú ọkọ̀ níbí ti já. Kí tèmi fẹ̀ díẹ̀ o, oúnjẹ ìyá rẹ ò jẹ́ kí n rù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ