Nínú Àwo Mẹ́fà, Ẹ̀kẹta Ni Mo Mú

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ibi tí orin heavy metal ti ṣẹ̀, Aston ni màá tọ́ka sí, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Tony Iommi, Ozzy Osbourne, Geezer Butler àti Bill Ward dàgbà sí. Ní 1968 ni wọ́n kó ara wọn jọ, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gba orúkọ Black Sabbath lára fíìmù kan tí Boris Karloff kópa nínú rẹ̀. Àwo mẹ́fà ni wọ́n gbé jáde láti 1970 sí 1975. Nígbà tí Ozzy kú ní oṣù Keje 2025, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeré ìdágbére ní Villa Park, ní Aston kan náà, mo tún kó àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, mo sì gbọ́ wọn látòkè délẹ̀.

Paranoid ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ṣáájú, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Òun ló gba ipò kìíní ní Britain lọ́dún 1970. Orin tó fún un lórúkọ, wàrà-wàrà ni wọ́n ṣe é nítorí pé àwo náà kò tíì kún. Òun náà ló wá di orin tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n. “War Pigs” tún wà níbẹ̀, níbi tí Butler, ẹni tó ń kọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin wọn, ti na àwọn alágbára tó ń jókòó sílé tí wọ́n ń rán ọmọ tálákà lọ sójú ogun. Síbẹ̀, ipò kẹta ni mo fi í sí.

Àwo kìíní, tó ń jẹ́ Black Sabbath bíi tiwọn, ló borí rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní London, ní oṣù Kẹwàá 1969, o sì máa gbọ́ ọ pé inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn wà. Nínú orin tó ṣí i, òjò ń rọ̀, agogo ń dún, jìtá Iommi sì wọlé pẹ̀lú ohùn mẹ́ta péré. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹlẹ́sìn ló sá fún ẹgbẹ́ náà nítorí orúkọ Black Sabbath. Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí wọn: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà kò sin èṣù, ẹ̀rù ló ń bà á, ó ń ké sí Ọlọ́run.

Master of Reality, tó jáde ní 1971, ni mo gbé sókè pátápátá. Láti mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Iommi. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì, lọ́wọ́ tó fi ń tẹ okùn jìtá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ mú rékọ́ọ̀dù Django Reinhardt wá fún un, ẹni tí iná ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ tó sì ń fi ìka méjì tẹ jìtá bí àrà. Iommi yọ́ ike, ó fi mọ fìlà kéékèèké sí orí ìka wọ̀nyí, ó sì fi awọ bò ó. Nígbà tó di Master of Reality, ó dẹ okùn jìtá rẹ̀ sílẹ̀ gidigidi kó má baà máa ni ín lára, Butler sì dẹ ti béèsì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ohùn dùndún ṣe ń rẹlẹ̀ nígbà tí onílù bá dẹ ọwọ́ lára okùn awọ rẹ̀ yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohùn náà lọ sílẹ̀, ó wúwo. Nínú “Children of the Grave” àti “Into the Void”, àyà ni o fi ń gbọ́ ọ kó tó dé etí. Ara tó fara pa ló bí ìró tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń lò títí dòní. Nínú àwo yìí kan náà ni Butler, ọmọ Kátólíìkì, ti kọ “After Forever”, tó gbèjà ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run láìfi bò.

Sabbath Bloody Sabbath ti 1973 ló tẹ̀ lé Paranoid. Ọpọlọ Iommi ti gbẹ ní Los Angeles, inú ilé olódi Clearwell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orin ti padà wá bá a. Ẹ̀karùn-ún ni Sabotage ti 1975. Àárín ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ìbínú náà sì hàn. Vol. 4 ló gbẹ̀yìn. Owó àti oògùn olóró pọ̀ nídìí rẹ̀. Ibi tó dùn dùn gan-an, ibi tó sì rọ̀, ó rọ̀ jù.

Bí o kò bá tíì gbọ́ wọn rí, Master of Reality ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú 35. Gbé ohùn rẹ̀ sókè dáadáa, nítorí béèsì Butler kì í jáde bí ohùn bá kéré.