Ta Ló Wà Nínú Ilé Aláwọ̀ Ìyeyè Yìí?

Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ rí àwòrán Yellow Houses, èyí tí Gerard Sekoto kùn, ó lè rò pé kò sí ohun kan níbẹ̀ ju ilé, erùpẹ̀ àti oòrùn lọ. Ògiri aláwọ̀ ìyeyè ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan ní Sophiatown, àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí ní Johannesburg. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń lé ènìyàn. Kí ló wá dé tí àwòrán náà fi ń wọni lákínyẹmí ara?

Ìta ilé nìkan ló fi hàn wá. Inú rẹ̀ dọwọ́ ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó bá sì ti gbé yàrá kan ṣoṣo rí ní Mushin tàbí Bẹẹrẹ, tí bàbá, ìyá àti ọmọ márùn-ún jọ ń sùn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti mọ̀ pé àwọn ọmọ ń ṣe bojúbojú láàárín ìkòkò àti àpótí aṣọ, pé ọ̀kan ti sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé ìyá ń kígbe kí wọ́n má lọ fẹsẹ̀ gbá sítóòfù. Sekoto náà mọ̀ ọ́n. Ilé ìbátan rẹ̀ ló wọ̀ sí ní Sophiatown nígbà tó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tó wá sí Johannesburg ní 1938.

Ní 1940, ilé àkójọ àwòrán ìlú Johannesburg ra iṣẹ́ náà, àkọ́kọ́ tí wọn yóò rà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti korò. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé nígbà tí Sekoto fẹ́ lọ wo àwòrán ara rẹ̀, ńṣe ló ṣe bí agbálẹ̀ kó tó ríbi wọlé. Ní 1947, ó gba ìlú Paris lọ. Kò padà sílé títí ó fi kú ní 1993.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 1955, ìjọba kó nǹkan bí 2,000 ọlọ́pàá wọ Sophiatown, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn lọ sí Meadowlands. Wọ́n wó ilé wọn, wọ́n kọ́ tuntun fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Triomf, èyí tó túmọ̀ sí ìṣẹ́gun. Ta ni wọ́n ṣẹ́gun? Ṣé ọmọ tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni?

Ọdún 2006 ni wọ́n tó dá orúkọ Sophiatown padà. Nínú àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, díẹ̀ ló kù.